Stephen Keshi àti Àwọn Àṣá Ilẹ̀ Tógò

Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lára ògiri kíláàsì yín. Ẹ wá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ́ ọ. Ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ẹ ó rí ilẹ̀ kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì gùn bí ọ̀pá. Tógò ni ilẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun ní Lomé, ó sì lọ gbọọrọ sókè títí dé ilẹ̀ Bùrùkínà Fásò.

Ilẹ̀ kékeré ni Tógò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ibẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ń gbá a lórí iyanrìn etí òkun. Wọ́n ń gbá a ní ẹ̀yìn ilé, títí ìyá wọn yóò fi pariwo pé kí wọ́n má fọ́ ìkòkò òun. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù, wọn a fi àkísà di ọ̀kan.

Ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Tógò ní orúkọ ẹyẹ. Àṣá ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní èdè Faransé, Les Éperviers ni. Ẹ mọ àṣá. Òun ni ó máa ń já bọ́ láti òkè, tí yóò gbé òròmọdìẹ lọ. Bí adìẹ bá ti rí òjìji rẹ̀ nílẹ̀, yóò ké, yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá.

Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, kò sí adìẹ tó bẹ̀rù àṣá yìí. Ní ọdún náà, ikọ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ sí Tùnísíà láti bá àwọn ẹlòmíràn du Ife Áfíríkà. Ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Tógò jókòó sílé. Ní ti Ife Àgbáyé, èyí tí gbogbo ayé máa ń du ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, Tógò kò dé ibẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ní ọdún 2004 náà, ọkùnrin kan wá sí Lomé láti gba iṣẹ́. Stephen Keshi ni orúkọ rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ẹ jẹ́ kí a pín in wẹ́wẹ́: a-kọ́-ni-mọ̀-ọ́n-gbá. Ẹni tó ń kọ́ ni títí a ó fi mọ bọ́ọ̀lù gbá ni.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í wọ pápá nígbà eré. Ẹ̀gbẹ́ pápá ló máa ń dúró sí. Òun ni ó ń yan àwọn mọ́kànlá tí yóò bẹ̀rẹ̀ eré. Òun ni ó ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ibi tí yóò dúró. Òun kọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, òun kọ́ ló ń mú bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, bí ikọ̀ bá pàdánù, òun ni gbogbo ìlú máa kọ́kọ́ bú. Iṣẹ́ tó le ni.

Ta ni Stephen Keshi? Ọmọ Nàìjíríà ni. Wọ́n bí i ní ọdún 1962 ní Azare, ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí, láti dènà àwọn tó bá fẹ́ gbá góòlù wọlé. Ara rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ní ọdún 1994, nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Áfíríkà ní Tùnísíà, òun ni olórí ikọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń pè é ní Ọ̀gá Ńlá.

Ohun mìíràn tún wà nípa rẹ̀ tí kò yẹ kí á gbàgbé. Keshi ti gbá bọ́ọ̀lù ní Côte d'Ivoire, ní Bẹ́ljíọ̀m, àti ní ilẹ̀ Faransé. Nítorí náà, ó gbọ́ èdè Faransé. Nígbà tó dé Lomé, kò wá ògbufọ̀. Bí ó bá ní ohun kan láti sọ fún agbábọ́ọ̀lù, ó sọ ọ́ fún un ní tààrà. Bí agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ dá a lóhùn, ó dá a lóhùn. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ọmọ tó bá ti jókòó rí níwájú olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ mọ bí ó ti máa ń rí: ẹnu olùkọ́ ń mì, etí ọmọ ń gbọ́ ariwo lásán.

Àwọn wo ni Keshi bá ní Tógò? Ó bá Kossi Agassa, tó ń ṣọ́ ilé. Ó bá Mohamed Kader, tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Emmanuel Adebayor ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ ka orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Adé-bá-ayọ̀. Ẹ ò rí i pé orúkọ tiwa ni! Lomé ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1984, ṣùgbọ́n Yorùbá láti Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Lomé, ó pọ̀ ní Kútọnu, ó sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Àwọn òbí ń sọ Yorùbá nínú ilé, àwọn ọmọ ń sọ Faransé ní ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà Ife Àgbáyé ọdún 2006 jìn. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló wà nínú agbo tí Tógò wà: Tógò, Sẹ̀nẹ̀gàl, Sámbíà, Kóńgò, Málì àti Làìbéríà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò bá àwọn márùn-ún yòókù gbá a ní ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan lóko. Eré 10 nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa lọ sí Ife Àgbáyé.

Kò sí ẹni tó rò pé Tógò ni. Sẹ̀nẹ̀gàl ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ní ọdún 2002, Sẹ̀nẹ̀gàl ti na ilẹ̀ Faransé nínú Ife Àgbáyé, wọ́n sì wà lára àwọn mẹ́jọ tó kù kẹ́yìn. Orúkọ wọn kún ẹnu ayé.

Eré àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2004. Tógò lọ sí Sámbíà. Wọ́n pàdánù: góòlù 1 sí òdo. Àwọn tó ti sọ pé Tógò kò lè ṣe nǹkan kan rí ẹ̀rí.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, Sẹ̀nẹ̀gàl wá sí Lomé.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá kò lè mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kì í yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkàn. Ikọ̀ tó ń bẹ̀rù máa ń sá fún bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ ẹnì kan, yóò yára tì í sí ẹlòmíràn, kí wọ́n má bàa bú òun. Ikọ̀ tí kò bẹ̀rù máa ń bèèrè bọ́ọ̀lù. Keshi kì í bẹ̀rù orúkọ ńlá. Òun pẹ̀lú ti bá àwọn tó ní orúkọ ńlá gbá bọ́ọ̀lù rí, ó sì mọ̀ pé wọ́n máa ń làágùn bíi ti gbogbo ènìyàn.

Tógò na Sẹ̀nẹ̀gàl ní Lomé. Góòlù 3 sí 1!

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Tógò kò tún pàdánù nínú agbo náà mọ́. Làìbéríà bá wọn ta ọ̀mì. Wọ́n na Kóńgò. Wọ́n na Málì ní Lomé, wọ́n tún lọ nà án ní ilé rẹ̀ ní Bamako. Nígbà tí Sámbíà wá sí Lomé ní tirẹ̀, góòlù 4 sí 1 ni wọ́n fi dá a padà. Wọ́n lọ sí Dakar, wọ́n bá Sẹ̀nẹ̀gàl ta ọ̀mì, 2 sí 2. Adebayor ń gbá góòlù wọlé bí ẹni ń já èso. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, góòlù rẹ̀ jẹ́ 11. Nínú gbogbo Áfíríkà, kò sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ wọlé ní ọ̀nà Ife Àgbáyé yẹn.

Ó ku eré kan. Ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005 ni. Ní Brazzaville ni, nílé àwọn ará Kóńgò. Bí Tógò bá pàdánù, Sẹ̀nẹ̀gàl ló máa lọ sí Ife Àgbáyé.

Kóńgò ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Tógò san án padà. Nígbà tí wọ́n sinmi, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀, Kóńgò tún gbá òmíràn wọlé: 2 sí 1. Ní ilé àwọn ará Lomé, àwọn tó wà nídìí rédíò dákẹ́.

Nígbà náà ni Mohamed Kader gbá ọ̀kan wọlé. 2 sí 2. Kò pẹ́, Kader tún gbá òmíràn. 3 sí 2! Tógò dì í mú títí rẹfirí fi fọn fèrè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Ẹni tó bá borí ń gba àmì 3. Ẹni tó bá ta ọ̀mì ń gba àmì 1. Ẹni tó bá pàdánù kò gba nǹkan kan. Tógò borí nínú eré 7, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, wọ́n pàdánù 1. Ìgbà mẹ́ta 7 jẹ́ 21. Ẹ fi 2 kún un. Ó di 23. Sẹ̀nẹ̀gàl ní 21. Àmì 2 péré ló wà láàárín wọn.

Bí ilẹ̀ kékeré yẹn ṣe rí ọ̀nà lọ sí Jámánì nìyẹn. Àwọn ará Lomé yọ̀ dé ojú títì.

Ìbá dára bí ìtàn yìí bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2006, kí Ife Àgbáyé tó dé, Tógò lọ sí Íjíbítì fún Ife Áfíríkà. Níbẹ̀ ni àárín Keshi àti Adebayor ti dàrú. Wọ́n jọ ṣe gbólóhùn asọ̀, ìròyìn rẹ̀ sì tàn káàkiri. Nígbà tí eré àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, orí ìjókòó ni Adebayor wà, kò sí nínú pápá.

Ta ló jẹ̀bi? Àwọn kan sọ pé Keshi le jù. Àwọn kan sọ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ dá ọ̀gá lóhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kò tíì fi ẹnu kò lórí rẹ̀. Ohun tó dájú ni pé Yorùbá máa ń sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Kóńgò Kinshasa na Tógò ní 2 sí òdo. Kamẹrúùnù nà wọ́n ní 2 sí òdo. Àngólà nà wọ́n ní 3 sí 2. Eré 3, ìpàdánù 3. Àwọn tó na Sẹ̀nẹ̀gàl náà nìyẹn. Ẹsẹ̀ wọn kò yí padà ní oṣù mẹ́ta.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Keshi. Ó dà bí àgbẹ̀ tó ro oko, tó gbin àgbàdo, tó roko ẹ̀ẹ̀kejì, tí wọ́n wá ní kó jáde lóko nígbà tí àgbàdo gbó. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn, Otto Pfister, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló kó àwọn Àṣá lọ sí Ife Àgbáyé. Kòríà nà wọ́n, Suisse nà wọ́n, ilẹ̀ Faransé nà wọ́n. Góòlù kan ṣoṣo ni Tógò gbá wọlé. Mohamed Kader ló gbá a.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Keshi ṣiṣẹ́ ní Málì. Lẹ́yìn náà, ní òpin ọdún 2011, ilẹ̀ rẹ̀ pè é.

Nǹkan kò dára ní Nàìjíríà nígbà náà. Ikọ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní Idì, kò lè dé Ife Áfíríkà ọdún 2012 rárá. Ilẹ̀ ńlá, agbábọ́ọ̀lù púpọ̀, síbẹ̀ wọ́n jókòó sílé. Èyí tún burú ju ti Tógò lọ, nítorí pé ẹni tó ti wà lókè ló ṣubú.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù nìkan ni agbábọ́ọ̀lù gidi. Bí ó bá wọ bàtà olówó ńlá, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn, ó ti tó. Keshi kò wo bàtà. Ó fi àwọn kan tó lórúkọ sílẹ̀. Ó lọ wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ní Àkúrẹ́, ní Enugu àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ó kó wọn jọ, ó kọ́ wọn. Àwọn ènìyàn kùn. Àwọn wo nìyí? Ta ló mọ̀ wọ́n?

Ọ̀kan nínú wọn ni Godfrey Oboabona, tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́. Keshi fi í sí ẹ̀yìn, ní ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń dúró sí láyé àtijọ́. Ọ̀kan ni Sunday Mba. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, wọ́n lọ sí Gúúsù Áfíríkà fún Ife Áfíríkà. Ìbẹ̀rẹ̀ kò dùn. Wọ́n bá Bùrùkínà Fásò ta ọ̀mì, 1 sí 1. Wọ́n bá Sámbíà ta ọ̀mì, 1 sí 1. Nílé, ariwo bẹ̀rẹ̀: lé e lọ, lé e lọ! Wọ́n na Ethiópíà, wọ́n fi rí ọ̀nà kọjá. Ó wá kan Côte d'Ivoire.

Côte d'Ivoire ní Didier Drogba. Wọ́n ní Yaya Touré. Gbogbo ènìyàn ti sọ pé àwọn ni yóò gba ife. Keshi kò mú àwọn ọmọ rẹ̀ sá sẹ́yìn. Nígbà tí góòlù wà ní 1 sí 1, Sunday Mba gba bọ́ọ̀lù, ó sáré kọjá ẹni kìíní, ó kọjá ẹnì kejì, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù kan ara ẹnì kan, ó yí ọ̀nà padà, ó wọlé. 2 sí 1. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi góòlù 4 sí 1 na Málì.

Ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2013 ni àṣekágbá. Johannesburg ni. Bùrùkínà Fásò ni wọ́n tún bá pàdé. Góòlù kan ṣoṣo ló wọlé ní ọjọ́ náà. Ta ló gbá a? Sunday Mba, ọmọ tí wọ́n ní ta ló mọ̀ ọ́n.

Ọdún 19 ti kọjá láti ìgbà tí Keshi ti gbé ife kan náà sókè ní Tùnísíà, nígbà tó jẹ́ olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní gbogbo Áfíríkà, ẹnì kan péré ló ti ṣe irú èyí ṣáájú rẹ̀, kó gbá bọ́ọ̀lù gba ife náà, kó sì tún kọ́ ẹlòmíràn gbà á. Mahmoud El-Gohary, ọmọ Íjíbítì ni.

Stephen Keshi kú ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Ẹni ọdún 54 ni. Ní ìlú Bìní ló kú sí, ìyẹn Bìní ti Nàìjíríà. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní Tógò pẹ̀lú.

Ìbéèrè

1. Orílẹ̀-èdè mélòó ló wà nínú agbo Tógò? Ẹ dárúkọ wọn.

2. Kí ni èdè Faransé ṣe fún Keshi nígbà tó dé Lomé?

3. Bí Tógò bá ta ọ̀mì ní Brazzaville, àmì mélòó ni wọn ìbá ní?

4. Nígbà tí Keshi fi Adebayor sórí ìjókòó ní Íjíbítì, ṣé ohun tó yẹ ló ṣe? Ẹ pín kíláàsì sí méjì. Apá kan yóò gbè sẹ́yìn Keshi, apá kejì yóò gbè sẹ́yìn Adebayor.

5. Ta ni ọmọ tí ẹ kì í sábà yàn nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ilé ẹ̀kọ́ yín? Ẹ yàn án lónìí, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún olùkọ́ yín lọ́la.